Ilé tó jókòó lórí ojú irin

Ní Ìbàdàn tí mo ti dàgbà, Ilé Kòkó àti ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ jọ wà ní Dùgbẹ̀ ni, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ní New York tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, orí ojú irin ibùdókọ̀ Grand Central gan-an ni wọ́n gbé ilé alájà 59 tí wọ́n ń pè ní MetLife kà. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárọ̀, àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni yóò gbé mi wọ inú ilé náà. Bí òjò ń rọ̀ lóde, bàtà mi kì í mọ̀.

Owó kòkó ló kọ́ ti Ìbàdàn, alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Òfuurufú ni wọ́n tà kọ́ ti New York. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kan kọlu òmíràn nínú èéfín tó bo ihò abẹ́ ilẹ̀ tó wọ ibùdókọ̀ àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ènìyàn 15 sì kú. Ìjọba fòfin de ẹ̀rọ tó ń jó èédú, wọ́n sì fi iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀. Ẹnjiníà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà, William Wilgus, rí i pé bí kò bá sí èéfín mọ́, a lè bo ojú irin náà, kí a sì fi àyè òkè rẹ̀ háyà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé. Ibùdókọ̀ Grand Central tuntun ṣí ní 1913. Nígbà tí mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú wá ń gba èrò lọ́wọ́ wọn, owó háyà yìí ni wọ́n tún yíjú sí, ilé gíga náà sì ṣí ní 1963. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Pan Am, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wà lórí ilé náà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú bínú sí i nítorí pé ó dí ojú ọ̀run ní òpópónà Park Avenue, n kò sì lè bá wọn jiyàn.

Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ni mo wọ̀ láti Èkó. Ó tura púpọ̀, ṣùgbọ́n Mọ́níyà ló já wa sí, mo sì tún wọ Micra lọ sí Dùgbẹ̀, àpò lórí itan. Bí a ti ń kọjá lẹ́bàá ibùdókọ̀ àtijọ́, ọmọkùnrin tó jókòó tì mí béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò lókè yẹn?" Mo ní àyè tó wà lórí ojú irin ni mo ń wò. Ó gbójú sókè, kò rí nǹkan kan.