Ọwọ́ Tí Ọmọ Fi Ń Kọ̀wé Kọ́ Ló Yẹ Ká Máa Ṣọ́

Lẹ́yìn ìpàdé òbí àti olùkọ́, ó ṣòro kí ìyá kan má dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Á fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ántí, òsì lọmọ yìí fi ń kọ̀wé o. Ṣé òun kọ́ ni kò jẹ́ kó mọ̀wé kà?" Àwọn mìíràn ti gbọ́ nípa dyslexia, ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ tí orí rẹ̀ pé lè so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró wẹ́rẹ́, wọ́n sì ti gbọ́ pé àwọn ọlọ́wọ́ òsì ló máa ń ní in. Ẹ̀rù á wá bà wọ́n ní ìlọ́po méjì.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Abẹ́òkúta. Òsì lèmi náà fi ń kọ̀wé, títí kan èyí tí mò ń kọ sójú bọ́ọ̀dù. Ilé tí ọwọ́ òsì wà ni wọ́n bí mi sí, ilé yẹn kan náà ni ìṣòro ìwé kíkà sì wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára kí n tó di olùkọ́ rárá. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ìyá yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín: ẹ fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń kàwé, kí ẹ sì wádìí ẹni tó ti ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹbí.

Télọ̀ ni bàbá mi, òsì ni wọ́n fi ń gé aṣọ. Àlùmọ́gàjí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Tí ọlọ́wọ́ òsì bá dì í mú, ojú irin méjèèjì á máa yà kúrò lára ara wọn, aṣọ á kàn ká sáàárín wọn ni, irin òkè á sì bo ilà tí èèyàn fẹ́ gé. Bàbá mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò ti irin kan wọlé bí wọ́n bá ti ń gé e lọ, wọ́n á sì tẹ ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè rí ilà náà. Oríkèé àtàǹpàkò náà yi gan-an títí wọ́n fi dolóògbé.

Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lo ọ̀tún, wọ́n sì mọ̀wé. Èmi ni mo jogún òsì, ìwé kò sì fún mi ní wàhálà. Àbúrò mi ọkùnrin ń lo ọ̀tún, òun ni ìwé kíkà kọ̀ fún. Nígbà tí èmi náà bímọ, ọmọ mi obìnrin bọ́ sí òsì, kò sì tíì wọ kíláàsì kìíní tó ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn dáńfó. Ọmọ mi ọkùnrin ń lo ọ̀tún bíi bàbá rẹ̀. Òun ló ní dyslexia.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nínú ilé kan ṣoṣo, ọwọ́ òsì wà, dyslexia wà, méjèèjì ń ti ọ̀dọ̀ òbí bọ́ sára ọmọ, síbẹ̀ wọn kò pàdé lára ẹnikẹ́ni. Ká ní ọwọ́ ni mò ń ṣọ́ ni, ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ǹ bá máa gbé kiri, èyí tó nílò ìrànlọ́wọ́ á sì jókòó síbẹ̀ tí kò ní sẹ́ni tó máa rí i.

N kò sọ pé kò sí ohunkóhun tó so méjèèjì pọ̀ o. Ó wà, àmọ́ kò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Lọ́dún 1925 ni Samuel Orton, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún. Ó kíyè sí i pé púpọ̀ nínú wọn ni kò fi ọwọ́ kan ṣe gbogbo nǹkan, ó sì rò pé ńṣe ni apá méjèèjì ọpọlọ wọn ń bára wọn du ipò. Lọ́dún 1982, Norman Geschwind àti Peter Behan, àwọn dókítà ọpọlọ méjì, tún sọ pé ìṣòro ẹ̀kọ́ pọ̀ láàárín àwọn ọlọ́wọ́ òsì àti ẹbí wọn ju ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún lọ. Geschwind ní bóyá èròjà ara kan tó pọ̀ lára ọkùnrin, ìyẹn testosterone, ló ń fa méjèèjì nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀. Àwọn tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wọn kò bá ohun kan náà pàdé nígbà gbogbo, àlàyé nípa testosterone yẹn kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kó èsì ìwádìí púpọ̀ jọ, wọ́n rí i pé ọlọ́wọ́ òsì àti àwọn tó ń lo ọwọ́ méjèèjì fi díẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ní dyslexia ju láàárín àwọn yòókù lọ. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2022, tí wọ́n fi èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ṣe, rí ibi 42 tó kan dyslexia nínú àbùdá èèyàn, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí rẹ̀. Wọ́n fi wé ti ọwọ́: àbùdá tó kan ọwọ́ òsì kò bá a tan, èyí tó kan lílo ọwọ́ méjèèjì ló bá a tan díẹ̀.

Èyí tó yẹ kí òbí dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọ̀tún ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní dyslexia ń lò, ìwé kíkà kò sì ṣòro fún èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọlọ́wọ́ òsì.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò wò ó. Nínú èèyàn 10, nǹkan bí ẹnì 1 ló ń lo òsì. Bí bàbá àti ìyá bá ń lo ọ̀tún, bí ọmọ 1 nínú 10 ló máa ń lo òsì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń lo òsì, ó máa ń tó 2 nínú 10. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ó máa ń tó 1 nínú 4. Ẹ rí i pé, bí tọkọtìyàwó tiẹ̀ jọ ń lo òsì, ọ̀tún ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ṣì máa lò. Kódà láàárín ìbejì tó jọra tí èèyàn ò lè dá wọn mọ̀, Táíwò lè máa lo ọ̀tún kí Kẹ́hìndé máa lo òsì. Dyslexia kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òbí bá ní in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ tí ìwé kíkà máa ṣòro fún. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bàbá tí kò lè ka lẹ́tà tán, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tó fi iléèwé sílẹ̀ nítorí ìwé kò wọ̀ ọ́, sọ ohun tó pọ̀ fún yín ju ọwọ́ tí ọmọ fi di bírò mú lọ.

Ní ti ọwọ́ òsì fúnra rẹ̀, mo mọ ohun tí àṣà wa wí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo kọ́ ọmọ mi obìnrin bẹ́ẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e: ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún ló fi ń juwọ́ kí èèyàn. Ìyẹn kì í pa ọmọ lára. Àmọ́ ìwé kíkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà, iṣẹ́ ọpọlọ àti iṣan ni. Àwọn tó fi ẹ̀rọ wo inú oyún ti rí ọmọ tó ń mu àtàǹpàkò kan ju èkejì lọ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15, púpọ̀ nínú wọn sì ni kò pa ọwọ́ yẹn dà nígbà tí wọ́n dàgbà. Ọmọ tí a kò tíì bí, ta ló kọ́ ọ ní ìwàkiwà?

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ ní ká fi aṣọ di ọwọ́ òsì ọmọ mi obìnrin. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀tún gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá di ìwé, ẹ bá mi fi í sílẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò ní sọ pé a ò kọ́ ọ nílé?" Mo ní bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni kí wọ́n wá bá. Ohun tí bàbá mi ṣe fún mi nìyẹn. Olùkọ́ kan máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rúlà na ẹ̀yìn ọwọ́ mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní, títí mo fi ń sunkún láti lọ síléèwé. Bàbá mi tẹ̀ lé mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì fà mí dúró níwájú rẹ̀: "Tíṣà, ẹ wo yunifọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn ọmọ yìí. Òsì ni mo fi gé e, òsì ni mo fi rán an. Ẹ wá ibi tó ti wọ́ hàn mí." Kò tún fọwọ́ kàn mí mọ́.

Bí ọmọ yín bá ń lo òsì, ìrànlọ́wọ́ tó nílò kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ní apá òsì, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má baà máa gbá ti ẹni kejì. Kó gbé ìwé rẹ̀ sí apá òsì díẹ̀, kó sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí orí ìwé kọjú sí ọ̀tún. Kó di pẹ́ńsù mú sókè díẹ̀ kó lè rí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Bí wọn ò bá kọ́ ọ báyìí, á máa ká ọrùn ọwọ́ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ á máa ro ó, á sì máa fi ọwọ́ pa ohun tó kọ rẹ́. Olùkọ́ á wá máa pè é ní ọmọ tí kò mọ́ tónítóní. Ká fipá yí ọwọ́ rẹ̀ padà kò wo dyslexia rí, ìdààmú kejì ló ń dá sílẹ̀.

Ó wá ku dyslexia. Bí ọmọ kékeré bá ń kọ b bíi d, tàbí tó ń kọ orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ má tíì jáyà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, yálà ọ̀tún tàbí òsì ni wọ́n ń lò. Etí ni mo máa ń tẹ́ sí ohun tó ń ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin á ka "bàtà" lórí ìlà kìíní, ojú rẹ̀ á bá "bàtà" náà pàdé lórí ìlà kẹta, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a látorí lẹ́tà kìíní bíi pé wọn kò pàdé rí. Mo ní kó yọ b kúrò nínú "bàtà", kó sọ ohun tó kù fún mi. Ó wo ojú mi, ó ní, "Bàtà kan?" Ọmọ yìí kan náà á sọ ìtàn ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní fo ibì kankan. Ohun tí mo rí lára àbúrò mi nígbà tí a wà lọ́mọdé gan-an nìyẹn: á ti há ohun tí àwọn tó kà ṣáájú rẹ̀ kà sórí, á wá gbé ìwé sójú, á máa sọ ọ́ lọ.

Ohun kan wà tó máa ń tan òbí jẹ nílẹ̀ wa. Lédè Yorùbá, lẹ́tà àti ìró rẹ̀ kì í sábà yà, nítorí náà ọmọ tó ní dyslexia lè kà á tọ̀nà, kó kàn máa falẹ̀. Tó bá dé orí Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí though, through àti enough ti ń parí bákan náà lójú ìwé tí wọ́n sì yàtọ̀ lẹ́nu, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á ti dàrú. Àwọn onímọ̀ ti fi àwọn ará Ítálì wé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lọ́dún 2001: àwọn ará Ítálì tó ní dyslexia kà á tọ̀nà ju àwọn yòókù lọ, nítorí èdè wọn kò ṣòro kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ wọn bára mu. Torí náà, ẹ má sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò gbọ́. Ẹ wo bó ṣe ń yára sí nínú Yorùbá náà.

Ní ti ọmọ mi ọkùnrin, a kọ́kọ́ lọ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Owó tó ná wa kò kéré, mi ò ní tàn yín. Ẹ̀kọ́ tó wá gbè é bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Orton tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Èrò rẹ̀ nípa ọpọlọ kò dúró, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkọ́ni tí òun àti olùkọ́ kan, Anna Gillingham, fi lélẹ̀ ṣì ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ dìde: ìró kan lẹ́ẹ̀kan, kí ojú rí i, kí etí gbọ́ ọ, kí ìka kọ ọ́. Orí yanrìn nínú àwo la ti kọ gb títí ó fi mọ́ ọn lára. Kò gbọdọ̀ pẹ́, kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́, ti àná la sì máa ń kọ́kọ́ tún ṣe ká tó fi tuntun kún un. Nígbà tí àbúrò mi wá kí wa, ó jókòó tì wá, ó wo àwo yanrìn náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n lè yẹ àgbàlagbà wò?" Wọ́n lè yẹ ẹ́ wò. Ọkùnrin tó ń tú ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tó sì ń tò ó padà láìwo ìwé, tí gbogbo àdúgbò pè ní olódo nígbà èwe rẹ̀! Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tiẹ̀ báyìí.

Bí ọmọ yín bá ti ń lo ọdún kejì níléèwé tí kò tíì lè so ìró pọ̀, ẹ má dúró pé á là á tó bá yá. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má máa pè é dìde kàwé níwájú gbogbo kíláàsì, kó fún un láàyè sí i nígbà ìdánwò, kó sì máa ka ìbéèrè sí i létí. Ẹ sọ ẹni tó ti ní irú rẹ̀ nínú ẹbí fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni.