Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, A Ti Etí Òkun Dé

Àsàláámù àlékùm o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi nínú àsàlátù. Alùfáà ti ní kí n má pẹ́, màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run yọ lẹ́nu ikú, ẹ fún un láyè díẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, bàbá àwọn ọmọ mi ní kí a kó wọn lọ sí Àgbádárìgì. Àwa ará Ìlọrin, odò Àsà la mọ̀. Òkun jìnnà sí wa. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́hùn-ún gbà wá sílé tayọ̀tayọ̀. A rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ lọ́dún 1845, tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A dé ilé Séríkì Abass, Mùsùlùmí bíi tiwa. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó sì dàgbà tán, òun náà ń ta ẹrú. Ẹni tó ń mú wa káàkiri ní 40 ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ yàrá kan. Mo wọ inú rẹ̀, mo tètè jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọ́kọ̀ lọ ní àlọ àìbọ̀. Òkun wà níbẹ̀. Ìgbì rẹ̀ kì í ṣeré: bó bá ń padà, ó máa ń wọ́ iyanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni lọ. Mo ní kí ọmọ kankan má kọjá ibi tí omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin mi ní mo ń ba òun láyọ̀ jẹ́. Mo ní kó máa bínú lọ.

Ìrìn ọkọ̀ ní agbègbè yẹn gba sùúrù. Nítorí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ibi àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ ìwé ọkọ̀ wa pé. Bàbá àwọn ọmọ kì í sì í wakọ̀ lóru. Nígbà tí a ń bọ̀, Ìbàdàn la sùn, a gbéra lẹ́yìn àsùbáà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Tírélà ń bọ̀ níwájú, tánkà epo ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, kòtò sì wà láàrin. Ọkọ̀ kan yà fún kòtò, ó wọ ìhà tiwa. Bàbá àwọn ọmọ yẹra fún un, taya iwájú lápá ọ̀tún sì gba etí títì tó ti já. A ò tíì rìn jìnnà tí taya náà fi bẹ́: gbàmù! Lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an ló ti dún. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sọ́tùn-ún, ríìmù ń ha ọ̀dà, òórùn rọ́bà jíjó gba inú ọkọ̀ kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo, “Tẹ bíréèkì! Tẹ bíréèkì!”

Kò tẹ̀ ẹ́ o. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítiárì mú ṣinṣin, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa rọ̀, ó wá rọra darí rẹ̀ wọ inú koríko. Bàbá rẹ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa lọ́rì ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti tẹ bíréèkì lójijì ni, ọkọ̀ ì bá yí, iwájú tánkà ni ì bá sì kọjú sí. Alihámúdúlíláhì!

Gbogbo wa ló de bẹ́líìtì, tó fi mọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn. Ipa rẹ̀ pọ́n yòò láyà ọmọbìnrin mi, ó sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀. Dírẹ́bà tánkà yẹn, Hausa ni, kò sún mọ́ wa jù láti ẹ̀yìn wá, ìyẹn ló fi rí ọkọ̀ rẹ̀ dá dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó já ewé sójú títì. Ẹnìkan pe 122 fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí wọ́n tó dé, àwọn tó dúró tì wá ti bá wa yí sípíà sí i. N kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ọlọ́run mọ̀ wọ́n.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, fọkanáísà yẹ taya náà wò. Ó fi nọ́mbà mẹ́rin kan hàn wá lára rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ó ní taya wa ò tíì gbó, etí títì ló ya inú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kì í ṣe taya nìkan, àwọn ayé ló lọ́wọ́ sí i. Mi ò bá a jiyàn.

Mósà àti wàrà wà nínú kúlà lẹ́yìn yẹn, ẹ má tíì lọ. Bàbá àwọn ọmọ wà níta lẹ́bàá ọkọ̀, ó ní òun kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ẹ bá mi yà kí i bí ẹ bá ń jáde.