Ẹja ni àbí akàn? Àyẹ̀wò ọdún mi létí òkun

Bí a bá rán ènìyàn níṣẹ́ tó sì dé, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, ẹja ni àbí akàn? Àwọn ẹlòmíràn ń pòwe ni. Tèmi kì í ṣe òwe. Ní gbogbo ọdún yìí, n kì í tíì gbé ọ̀pá ìwọ̀ ti ògiri tán tí àwọn ará ilé á ti bi mí, ó sì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tó jẹ́ pé akàn gan-an ni mo gbé wọlé.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo ìjáde mi sí: ọjọ́, aago tí mo débẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, bí omi ṣe rí lójú, bí òṣùpá ṣe tó, ohun tó jẹ ìdẹ àti ìdẹ tí nǹkan kan ò fojú wò. Omi iyọ̀ ti jẹ etí ìwé náà. Ojú ewé méjì nínú oṣù Ẹrẹ̀nà ti lẹ̀ pọ̀, bí mo bá fà wọ́n wọn á ya, mo bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jókòó tì í, mo ka gbogbo rẹ̀. Ìjáde 58. Nínú rẹ̀, 31 ni mo bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Mo tún un kà, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọdún yìí ṣe ẹnu rere. Àṣé ọkàn ẹni kì í bá ẹni tọ́jú ọjọ́ òfo. Ẹja ńlá kan tí mo fà jáde lóṣù Igbe ti bo òfo mẹ́wàá mọ́lẹ̀ lójú mi.

Mo wá pín 31 náà wò, kí n mọ ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Nínú 20, kò sí ìjì, kò sí òjò, ẹnikẹ́ni ò ṣépè fún mi. Ìgbà tí èmi ráyè ni mo lọ, kì í ṣe ìgbà tí omi ń rìn.

Òkun ń kún, òkun ń fà, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín ìkún kan àti èkejì. Bí omi bá kún ní aago 6 àárọ̀ òní, yóò tó nǹkan bí aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 50 kó tó kún láàárọ̀ ọ̀la, nítorí òṣùpá tó ń fà á kì í dúró sójú kan. Èmi sì rèé, Sátidé nìkan ni mo sábà máa ń ráyè, aago 7 àárọ̀ gééré ni mo sì máa ń débẹ̀. Òkun ò mọ Sátidé.

Ohun tí mi ò rò rí ni èyí: ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 6. Ìyẹn ni pé ìkún ọ̀sẹ̀ yìí ti di ìfà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago kan náà. Bí mo bá bá omi tó dúró pa ní Sátidé yìí, omi tó dúró pa náà ni màá tún bá ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ọ̀kan kún dénú, ọ̀kan fà tán, méjèèjì ò rìn. Díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yí kúrò bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìwé sí oṣù Ẹ̀bibi àti Okúdù: Sátidé mẹ́fà tẹ̀léra, òfo, òfo, òfo, òfo, òfo, ẹja kan tó tó àtàǹpàkò, òfo. Ẹ dárí jì mí, méje nìyẹn, ìbínú ló jẹ́ kí n ṣì í kà. Ní àsìkò yẹn mo pààrọ̀ ìdẹ, mo pààrọ̀ okùn, mo pààrọ̀ ibi tí mo ń dúró sí, mo pe òkun ní ahun. Aago ọwọ́ mi nìkan ni mi ò pààrọ̀.

Àwọn atukọ̀ ní ìṣirò kan tí mo ti ń gbọ́ tipẹ́ tí mi ò kà sí. Wọ́n ní bí omi bá ń fi wákàtí 6 kún, ẹ pín gbogbo omi tó máa wọlé sí ọ̀nà 12. Wákàtí kìíní á gbé 1 wá, ìkejì 2, ìkẹta 3, ìkẹrin 3, ìkarùn-ún 2, ìkẹfà 1. Wákàtí méjì àárín nìkan ló ń gbé ìdajì gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni omi ń ru iyanrìn, tó ń gbá edé àti ẹja wẹ́wẹ́ kiri. Ẹja ńlá ò ní láti sáré, á fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń ṣàn, oúnjẹ á sì máa wá bá a nílé. Nínú ìjáde 27 tí mo rí nǹkan mú bọ̀, 19 bọ́ sí wákàtí méjì àárín yẹn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èèyàn kan ṣoṣo àti ìwé kan ṣoṣo ni, mo mọ̀, kò tó ohun tí à ń fi jẹ́rìí níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu mi mọ́.

(Èyí ò rí bákan náà níbi gbogbo o. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, ìyàtọ̀ ìkún àti ìfà lè tó mítà 16. Ní ọ̀pọ̀ ibi létí òkun Mẹditaréníà, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ kún, kì í fi bẹ́ẹ̀ fà, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni àwọn apẹja ibẹ̀ ń wò. Bí omi yín ò bá rìn, ẹ má bi mí.)

Òṣùpá pẹ̀lú. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá jọ ń fa omi pọ̀ ni, ìkún á ga, ìfà á jìn. Mo ti máa ń sá fún ìgbà bẹ́ẹ̀ torí pé omi le jù fún òjé tí mo fi ń mú okùn rì, ṣe ló ń gbé e lọ. Lọ́dún yìí mo ra èyí tó wúwo, mo sì rí i pé ìfà tó jìn yẹn wúlò fún nǹkan mìíràn.

Bàbá kan ló là mí lójú. Ó ti pẹ́ létí omi jù mí lọ fíìfíì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan tí omi fà débi pé a rí àpáta tí a kì í rí, mo bá a tó ń rìn kiri láìmú ọ̀pá ìwọ̀ dání. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ ń wá?” Ó ní, “Ilé wọn ni mò ń wò. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wàá lọ kí ẹni tí o ò mọ ilé rẹ̀ ni?” Ó wá fi ọ̀pá ìrìn rẹ̀ tọ́ka sí kòtò gígùn kan tó lọ ní ẹ̀gbẹ́ etíkun, kò tó ìṣísẹ̀ 20 sí ibi tí mo máa ń dúró sí. Bí omi bá kún, ibẹ̀ ni ẹja ń gbà. Ibi tí ìgbì bá ti ń fọ́ funfun, iyanrìn ló ga lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí omi bá dúdú díẹ̀ tí ìgbì sì kọjá láìfọ́, ibẹ̀ ló jìn. Èmi sì ti ń fi gbogbo agbára ju ìwọ̀ lọ sókèèrè láti ọdún yìí wá, apá ń ro mí, mo ń jù ú kọjá lórí ẹja.

Láti ọjọ́ náà, bí omi bá fà gan-an, mo máa ń lọ rìn, mo sì ń ya àwòrán kòtò sínú ìwé. Ìjì kan ṣoṣo lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó gbẹ́ tuntun síbòmíràn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Òfo mẹ́rin mìíràn, òjò ló fà á. Bí òjò ńlá bá rọ̀, tí odò bá tú ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú òkun, omi tí kò níyọ̀ fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, á wá léfòó sórí rẹ̀ bí epo. Ìdẹ mi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi pupa tí ẹja ti sá kúrò nínú rẹ̀. Ìyẹn ò ní ìjà nínú, mo kàn yẹ kí n dúró sílé fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Omi tó mọ́ gaara náà ní wàhálà tirẹ̀, ẹja á rí okùn, á rí ìwọ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí èmi fúnra mi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni omi tó ru díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wọlé láti ojú òkun fún ọjọ́ kan, tí ìgbì sì ti hú akàn àti ekòló òkun jáde nínú iyanrìn.

Ìgbì ló kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mí. Lóṣù Ògún, mo wo bí ojú òkun ṣe máa rí, wọ́n ní ìgbì ò ní ju mítà 1 lọ. Mo ní kò burú. Ohun tí mi ò wò ni iye àkókò tó wà láàárín ìgbì kan àti èkejì. Ìgbì mítà 1 tó ń tẹ̀lé ara wọn ní ìṣẹ́jú-àáyá 6 kì í ṣe ẹgbẹ́ ìgbì mítà 1 tó ń wá ní ìṣẹ́jú-àáyá 14. Èyí tó ń pẹ́ yẹn, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, agbára rẹ̀ lọ jìn sísàlẹ̀, bó bá sì dé ibi tí kò jìn, ṣe ló ń gbórí sókè. Mo dúró lórí àpáta. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, jẹ́jẹ́ ni. Mo kẹ̀yìn sómi láti fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ò jọ omi, ó jọ ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sílẹ̀. Ó gbá mi lẹ́sẹ̀, ó dá mi jókòó, ó sì gbé báàgì mi lọ: òjé, ìwọ̀, tọ́ọ̀ṣì, àti ẹ̀mú tí bàbá yìí yá mi. Orúnkún mi bó. Ìwé yìí wà lápò mi, òun ló fi yè. N kì í kẹ̀yìn sókun mọ́, n kì í sì í gun àpáta tó bá tutù kí n tó débẹ̀.

Ẹja tó lọ náà ńkọ́? Oṣù Ọ̀wàrà ni, alẹ́, omi ń kún, gbogbo nǹkan bá a mu. Ó jẹ ìdẹ, ó sì rìn lọ sápá òsì láìkánjú, bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Kẹ̀kẹ́ okùn mi ń ké. Mo bá a fà á fún bíi ìṣẹ́jú 15, mo rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, ó fẹ̀. Lẹ́yìn náà, okùn fúyẹ́. Mo ká a wálé, mo wo etí rẹ̀: ó ká kòlòkòlò bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Okùn tí àpáta bá gé máa ń rí jágajàga. Èyí tó bá ká bẹ́ẹ̀, kókó rẹ̀ ló yọ̀. Èmi ni mo ta kókó yẹn, mo sì rántí pé mi ò fi itọ́ rẹ̀ ẹ́ kí n tó fà á le, torí pé ẹnu mi kún fún nǹkan tí mò ń jẹ. Bí a bá fa kókó náílọ́ọ̀nù ní gbígbẹ, ooru ìfaragbún máa ń jẹ ẹ́ láti inú. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Lóru ọjọ́ yẹn, adìyẹ ti lọ, èmi àti okùn nìkan la ṣẹ́kù tí ara ò rọ̀.

Ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwọ̀ roboto, èyí tí ẹnu rẹ̀ ká wọnú, tó máa ń kọ́ ẹja ní igun ẹnu dípò ọ̀fun. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo fẹ́ sọ ọ́ nù. Bí mo bá ti rí i pé ọ̀pá mì, mo ti fà á tagbára, ìwọ̀ á sì yọ lẹ́nu ẹja. Ara mi ò tètè gbà pé ṣe ni kí n jẹ́ kí ẹja fúnra rẹ̀ fa okùn le, kí èmi sì máa ká a lọ. Nígbà tó yé ọwọ́ mi, àwọn ẹja kéékèèké tí mo ń dá padà ò máa ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Mo máa ń fi omi tọ́ ọwọ́ kí n tó dì wọ́n mú, torí pé yíyọ̀ ara wọn yẹn ni ààbò wọn. Ẹja oṣù Igbe tí mo ń fọ́nnu lé lórí, mo dá a padà pẹ̀lú. Ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin. Àwọn ará ilé ò tíì gbà mí gbọ́ títí di òní.

Ó ku òfo méje. Mo ti wò wọ́n títí. Omi ń rìn, òṣùpá dára, afẹ́fẹ́ dára, kòtò wà níbẹ̀, ìdẹ tútù, kókó rírẹ. Òfo. Mo kọ “òkun ló mọ̀” sí iwájú wọn, mo sì tẹ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mú ló kù. Mo ti ra òmíràn, ó wà nínú báàgì tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá bàbá pàdé létí omi tí ẹnu mi ò gbà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun ló wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń fi eyín já okùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yíjú sómi. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní aago 4 ìdájí. Mo máa dé bẹ̀ ní aago 6, màá gbé e fún un kí n tó ju ìwọ̀.