Kí Ẹ Tó Gba “A Dúpẹ́” Lẹ́nu Aláìsàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, tì ná. Ipilimumab, nivolumab àti pembrolizumab tí à ń fún àwọn tí melanoma (jẹjẹrẹ awọ ara) ti ràn káàkiri ara wọn kì í pa jẹjẹrẹ fúnra wọn. Ọmọ ogun ara ni wọ́n ń tú sílẹ̀ láti bá a jà, ajá ọdẹ tí a sì tú lókùn lè bu ewúrẹ́ ilé jẹ. Ìfun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara, ọkàn, kò sí èyí tí kò lè fara gbá a.

Tí a bá pa ipilimumab pọ̀ mọ́ nivolumab, ìnira tó le tí oògùn ń fà máa ń bá nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn. Ìwádìí CheckMate 511 yí ìwọ̀n wọn padà: dípò ipilimumab mílígíráàmù 3 àti nivolumab 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún wọn ní ipilimumab 1 àti nivolumab 3. Ìnira tó le já wálẹ̀ láti ìdá 48 sí 34 nínú 100. Àmọ́ dókítà àgbà ló ń yan ìwọ̀n.

Tiwa ni ìbéèrè. Ẹ bi bàbá Yorùbá pé “Ṣé ara le, sà?”, “A dúpẹ́” ni yóò wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sùn mọ́jú. Ẹ bi wọ́n báyìí: “Bàbá, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lóòjọ́? Lánàá ńkọ́? Ṣé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀?” Àlékún orí èyí tó mọ́ wọn lára là ń kà. Tí kò bá tó mẹ́rin, ó ṣì fúyẹ́. Mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Méje sókè, ọsibítù yá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, bò ó mọ́lẹ̀ nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù ló ń mú ọ̀pọ̀ wọn dákẹ́: wọ́n rò pé a ó gba oògùn lọ́wọ́ wọn, jẹjẹrẹ yóò sì padà. Ẹ sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n pa àbájáde ìwádìí CheckMate 067 àti 069 pọ̀, àwọn tí ìnira mú kí wọ́n tètè dá oògùn méjèèjì dúró kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní ti ẹ̀mí gígùn. Mo ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí nìkan tú lẹ́nu.

Ní ti ìnira awọ ara, ìwé á ní kẹ́ ẹ wá awọ tó pọ́n. Lára adúláwọ̀, ó lè kàn dúdú sí i ni, nítorí náà ẹ fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó ń yún un. (Ẹni tó bá sọ pé melanoma kì í ṣe àwa dúdú, ẹ rán an létí Bob Marley: abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ti mú un.)

“Ó kàn ń rẹ̀ mí ni” tún ń kó jìnnìjìnnì bá mi. Tí orí fífọ́ àti òòyì bá bá a rìn, ó lè jẹ́ pé ẹṣẹ́ kékeré abẹ́ ọpọlọ (pituitary) ti wú, tí cortisol, họ́mónù tó ń gbé ara ró, sì ti lọ sílẹ̀. Bí họ́mónù tíróìdì náà bá kéré, hydrocortisone tó ń rọ́pò cortisol ló ń ṣáájú thyroxine tó ń rọ́pò ti tíróìdì. Ẹ má yí i po, nítorí ó lè dá ẹni náà dùbúlẹ̀.

Stírọ́ìdì tí a fi ń pẹ̀tù sí ìfun tàbí ẹ̀dọ̀, díẹ̀díẹ̀ là ń dín in kù, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ara á yá wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á fẹ́ jù ú nù. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù láàárín ìgbà yẹn.

Gbogbo èyí lè yọjú ní ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí oògùn ti parí. Ẹni tó bá ń lọ sílé fún Kérésì, ẹ rí i pé káàdì tó sọ irú oògùn tó gbà wà nínú báàgì tí yóò gbé kọ́rùn, kì í ṣe nínú ẹrù. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un n'Íbàdàn, taifọ́ọ̀dù ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é.