Pikọ́ọ̀pù mi àti yìnyín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa pikọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn méjì nìkan lẹ́ńjìn ń yí, tiyín ni mò ń sọ o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wa tèmi nínú yìnyín, iwájú ilé ara mi ni mo há sí. Yìnyín ọ̀hún ò tiẹ̀ dé kókósẹ̀. Mo tẹná, táyà ọ̀tún ń yí fìrìrì, ti òsì dúró bí ère, mo tún wá ń tẹ̀ ẹ́ sí i bí ẹni tí wọ́n fi ṣe, títí yìnyín abẹ́ táyà fi yọ́ tó tún dì padà, ó wá ń dán bíi gíláàsì. Ẹ́ńjìn ló wúwo níwájú, ẹ̀yìn ṣófo bí agolo, kí ló fẹ́ tẹ táyà mọ́lẹ̀?

Wọ́n ní kí n di yanrìn sẹ́yìn. Mo ra àpò márùn-ún, kílò 27 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ̀lẹ ò jẹ́ n tì í wọnú, ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo to gbogbo ẹ̀ sí. Ọkọ̀ gbéra lóòótọ́ o, ìgbà tí mo dé kọ́nà tí mo yí sítíárì, ó ń lọ tààrà! Kòtò ló dá mi dúró. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tí òdìkejì wá fò sókè, imú ọkọ̀ ló ń gbé. Ní báyìí, àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni mò ń tò ó sí, tàbí kó sún síwájú díẹ̀, màá fi okùn dè é pinpin. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, tó sọ ìwọ̀n ẹrù tọ́kọ̀ lè gbé, kẹ́ ẹ tó di púpọ̀ o. Ẹ sì fàyè sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú, torí ẹrù kì í jẹ́ kọ́kọ̀ tètè dúró.

Àmọ́ táyà gan-an lọ̀gá. Tí òtútù bá ti wálẹ̀ kọjá bí 7°C, rọ́bà táyà lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Èyí tó ní àmì òkè olórí mẹ́ta pẹ̀lú ẹyọ yìnyín tó rí bí ìràwọ̀ lára ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, ẹ má ra tẹ̀yìn nìkan, iwájú ló ń darí, òun náà ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ bíréèkì.

Tẹ́ ẹ bá há, ẹ má tẹná burúkú. Ẹ fi jíà kejì gbéra jẹ́jẹ́, ẹ pa traction control (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán) ná torí ó lè máa dín agbára ẹ́ńjìn kù, ẹ ya àpò kan kẹ́ ẹ da yanrìn síwájú táyà. Tẹ́ńjìn bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì gbá yìnyín kúrò lẹ́nu sàléńsà, gáàsì tó lè wọlé bá yín kì í rùn, ó sì ń pààyàn.

Tí yìnyín bá lọ, ẹ kó àpò yẹn kúrò, epo ló ń jẹ. Èmi gbàgbé tèmi síbẹ̀, ọ̀kan ya, koríko ti hù lórí ẹ̀ kí n tó rí i.