Àyẹ̀wò ọdún mi: ojú ọ̀run Ìlọrin nínú ìwé Instrument Rating

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ohun kan ṣoṣo ni mo gbájú mọ́ lọ́dún yìí: ìwé Instrument Rating. Ẹni tó bá ní àṣẹ yìí ló lè wa bàálù gba inú ìkùukùu kọjá láì rí ilẹ̀, tí yóò fi àwọn aago ìwọ̀n iwájú rẹ̀ àti rédíò mọ ibi tó wà títí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ yóò fi yọ sí i. Mo ti ní ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ni ìyẹn fi ń fò. Ní Ìlọrin, ọyẹ́ lè bo gbogbo ìlú láti oṣù Kọkànlá wọ oṣù Kejì, ìjì á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ojú nìkan fò níbí á pẹ́ ní ìjókòó. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wá hàn sí mi bí mo ṣe ń kà á ni pé ojú ọ̀run tí wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí kì í ṣe tiwa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n kọ, mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dunjú torí ìdánwò. Àmọ́ ẹni tó máa gbéra ní Ìlọrin gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá ibi tí ojú ọ̀run tirẹ̀ wà láàárín ojú ìwé. Wíwá yẹn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mi, òun náà ló sì dùn mọ́ mi jù.

Ẹ wo ìfúnpá afẹ́fẹ́. Ìwé ní tó bá ti ń lọ sílẹ̀, ojú ọjọ́ fẹ́ bàjẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀: ó máa ń ga jù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́wàá alẹ́, á sì wálẹ̀ jù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn tó ń mú afẹ́fẹ́ òkè gbóná ló ń fà á. Ìyàtọ̀ náà lè tó hPa 3 tàbí 4 (hPa ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́). Ó kéré létí, àmọ́ hPa kan ṣoṣo tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30 lójú altimeter, aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó. Ẹni tó bá to altimeter rẹ̀ sí QNH (ìfúnpá tí wọ́n ń kéde fún títo altimeter) aago mẹ́wàá àárọ̀, tí kò tún un tò títí di ìrọ̀lẹ́, á fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 wà nísàlẹ̀ ibi tó rò pé òun wà. Nínú ìbalẹ̀ ILS tó wọ́pọ̀, níbi tí rédíò ti ń tọ́ bàálù sọ́nà ìbalẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 200 sókè ilẹ̀ ni awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá òun á balẹ̀ tàbí òun á tún gòkè. Ẹ wo bí 100 ṣe tóbi tó nínú 200.

Bàbá mi ń dáko ní Ìgbàjà. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ìjì, àwọn ni mo lọ bá kí n tó tún ṣí ìwé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni òjò líle ti máa ń wá?"

Wọ́n ní, "Ìlà-oòrùn ni. Ṣùgbọ́n má wo atẹ́gùn o. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ máa fẹ́ lọ pàdé òjò náà, wàá rò pé ó ń lé e padà ni. Tó bá ti dákẹ́ wọ́ọ́, sáré wọlé."

Gbogbo ohun tí ìwé fi àwòrán púpọ̀ ṣàlàyé ni wọ́n sọ tán yẹn. Afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti Òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ gba ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́ ní ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sí 14,000, afẹ́fẹ́ mìíràn ń sáré láti ìlà-oòrùn, òun ló sì ń gbé ọ̀wọ́ ìjì náà bọ̀ wá bá wa. Bí òjò ṣe ń rọ̀ nínú ìkùukùu yẹn, afẹ́fẹ́ tútù á já lulẹ̀, á sì tú jáde síwájú ìjì kí ẹ̀kán òjò kan tó kan ilẹ̀. Ìdákẹ́ tí bàbá mi wí ni ìgbà tí èyí àtijọ́ kú tí tuntun ò tíì dé. Bàálù tó bá wà nítòsí ilẹ̀ nígbà náà lè rí i kí afẹ́fẹ́ tó ń kọ ojú sí i yí padà di èyí tó ń tì í lẹ́yìn, gbogbo agbára tó gbé e dúró á sì ṣá lójijì. Àwa ará Ìlọrin ò lè gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2006, nígbà tí bàálù kan já ní Àbújá kété tó gbéra, tí Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, bá a lọ. Àwọn tó wádìí rẹ̀ sọ pé awakọ̀ gbéra nígbà tí ojú ọjọ́ ti bàjẹ́, wọ́n sì mẹ́nu ba afẹ́fẹ́ tó ń yí yìí gan-an. Ọlọ́run kó forí jì wọ́n. Mo ka ìròyìn ìwádìí náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọwọ́ mi kì í yá láti pa á dé.

Ààlà kan wà láàárín afẹ́fẹ́ gbígbẹ Sàhárà àti afẹ́fẹ́ olómi òkun, ITD ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kìíní ó máa ń sọ̀ dé ìtòsí etíkun, ní oṣù Kẹjọ á ti kọjá ààlà àríwá Nàìjíríà. Ìjì kì í jà lórí ààlà yìí fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ kìlómítà sí gúúsù rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi máa ń le bí ààlà náà bá ń gòkè lọ àti nígbà tó bá ń padà bọ̀, tí oṣù Kẹjọ sì jẹ́ ìkùukùu rírẹlẹ̀ tó kàn dẹ̀dẹ̀ sórí ìlú láàárọ̀, láìsí àrá tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe lóye èyí, gbogbo ọdún tò lẹ́sẹẹsẹ lójú mi.

Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ti Bodélé ní Ṣáàdì wá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá. Èèyàn lè wà lókè kó máa rí òrùlé ilé lábẹ́ ara rẹ̀ kedere, kó ní òun ríran. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ ló máa mọ̀, torí ìgbà náà ló ń wo eruku ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tó sì nípọn ju èyí tó wà láàárín òun àti òrùlé lọ. Ní ẹsẹ̀ bàtà 200, lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 3, ibi ìtẹsẹ̀lélẹ̀ ṣì ku ohun tó ju mítà 1,100 lọ. Bí METAR, ìròyìn ojú ọjọ́ pápákọ̀ òfuurufú, bá ní mítà 800 ni ojú ń ríran dé, iná atọ́nà tó ṣáájú ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ lèèyàn máa kọ́kọ́ rí. Àràárọ̀ ni mo ń ka METAR Ìlọrin báyìí, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DNIL tó jẹ́ àmì pápákọ̀ òfuurufú wa, mo sì ń jáde síta wò ó bóyá ohun tí mo kà náà ni mo ń rí.

Ti kọ́ńpáàsì ló yà mí lẹ́nu jù. Ìwé kún fún bó ṣe máa ń ṣìnà tí bàálù bá ń yí, nítorí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ tẹrí wọ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtẹ̀ náà ju ìwọ̀n 60 lọ. Àmọ́ ìlà tí abẹ́rẹ́ ti ń sùn gbalaja láì tẹ̀ síbì kankan gba àríwá Nàìjíríà kọjá, kò jìnnà sí wa. Nítorí náà, ìṣìnà tí wọ́n ní kí n há sórí, díẹ̀ báyìí ló ń hàn nínú bàálù tí mo ń wà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá tó ń kọ́ mi, wọ́n ní, "Há a sórí bẹ́ẹ̀. Ṣé Ìlọrin nìkan lo fẹ́ fò mọ ni?" Mo há a.

Lábẹ́ ìbòrí tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ìta ni mo ti mọ̀ pé ara ò ṣe é gbọ́kàn lé. Bí bàálù bá rọra ń yí lọ́nà kan náà, omi inú etí á bá a yí títí á fi dákẹ́, ọpọlọ á sì gbà pé a ti dúró gbọọrọ. Ní 1954, Yunifásítì Illinois fi irú rẹ̀ dán ogún èèyàn tí kò kọ́ ọ wò. Gbogbo wọn ni ìjánu bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìṣẹ́jú àáyá 178 ni ìpíndọ́gba. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1929, Jimmy Doolittle, awakọ̀ òfuurufú ará Amẹ́ríkà, ti gbéra, ó fò, ó sì balẹ̀ ní New York láì rí ìta rárá, altimeter Kollsman àti àwọn aago ìwọ̀n Sperry ló fọkàn tán. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gan-an.

VOR, rédíò orí ilẹ̀ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà, àti ILS kò ni mí lára, ìṣirò ni, mo sì fẹ́ràn ìṣirò. Bí ìwọ̀n kan bá yẹ̀, ní máìlì òkun 60 èèyàn á ti yà tó máìlì kan. Gbogbo ìyókù wà lórí ìyẹn.

Níbi tí mo bá iṣẹ́ dé rèé: mo ti kọ ìdánwò ojú ọjọ́, mo ti kọ ti àwọn aago ìwọ̀n inú bàálù, mo sì yege nínú méjèèjì, alihamudulilai. Radio navigation, ìyẹn fífi rédíò mọ ọ̀nà, ló kù, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Lẹ́yìn náà ni wákàtí ìfò tó kù, tí owó epo rẹ̀ ṣì ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kí púpọ̀ nínú wákàtí yẹn bọ́ sínú ọyẹ́, kí n fò ó pẹ̀lú ọ̀gá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹnì kan bá wà ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà tó ń múra ìdánwò kan náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ya àwòrán ìrìn ITD láti oṣù dé oṣù, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.