Ọjọ́ Tí Mo Kéde Ikú Ajá Bàbá Onílé

Owó ilé oṣù méjì wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ tí Bàbá onílé ní kí n bá àwọn fún ajá àwọn lóúnjẹ. Wọ́n fẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ wọn sìnkú màmá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ tó máa ní òun ò ráyè? Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ajá wọn ti dọmọ mi.

Ẹ̀yìnlàárò lorúkọ ajá yẹn. Kì í ṣe ajá ni wọ́n ń fi orúkọ náà bá wí o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan wà láàárín Bàbá àti ará ilé kejì. Bí ọkùnrin yẹn bá ti ń kọjá, kódà kí ajá ti yó, Bàbá á lọgun: "Ẹ̀yìnlàárò! Ẹ̀yìnlàárò o! Wá jẹun!"

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Kẹta, oòrùn Ìbàdàn ń ta bí ẹni bínú, iná NEPA ò sí. Mo bu ìrẹsì àná sínú abọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí mo rí ló jẹ́ kí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ajá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó kọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bí àpótí ìjókòó tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ahọ́n jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ojú là díẹ̀, funfun nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kàn gbọ̀n pìpìpì, ó sì kùn "hùn-ún" bí ẹni tó ń fi ilé ayé sílẹ̀.

Àyà mi já. Èmi fúnra mi ni mo fi oògùn eku sínú ẹja gbígbẹ sẹ́yìn ilé lálẹ́ àná.

Ẹni tó gbọ́n ì bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ajá wò. Èmi, fóònù ni mo fà yọ. Mo ní kí ẹnu ẹlòmíì tó débẹ̀, kí tèmi ti débẹ̀. Bàbá gbé e, gángan ń dún lákọlákọ lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù o."

"O ṣé, o ṣé. Màmá ti wọlẹ̀, jíjẹ mímu ló kù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ti Màmá. Ti Ẹ̀yìnlàárò ni."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Gángan nìkan ni mò ń gbọ́.

Ariwo mi ti dé etí mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ògiri wa. Ọmọ Ògún ni, Ògún sì ń jẹ ajá. Abọ́ ńlá àti ọ̀bẹ ló gbé wá. "Bàbá Ìbejì, ṣé ó ti tutù?" Mo ní oògùn eku ló jẹ. Ó pòṣé, ó yí abọ́ dé orí, ó padà sídìí ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Kò tilẹ̀ bá mi kẹ́dùn.

Nílé tiwa, ẹni tó bá jẹ ohun tí kò yẹ, epo pupa ni wọ́n máa ń dà sí i lẹ́nu. Mo fa kẹ́ẹ̀gì epo tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà (ẹ má bi mí ní iye tó rà á), mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu ajá, mo dà á gbulu.

Ẹni tó bá ti sùn fọnfọn rí, tí wọ́n wá da epo sí i lọ́fun, òun ló lè sọ bó ṣe rí lára Ẹ̀yìnlàárò. Ó fò sókè, ó húkọ́, ó bì mí ṣubú, ó gba abẹ́ okùn aṣọ kọjá. Léèsì funfun tí ìyàwó mi fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì wà lórí okùn yẹn. Ibẹ̀ gan-an ló dúró sí láti gbọnra. Ẹ mọ bí ajá ṣe ń gbọnra.

Mo tún pe Bàbá. Wọ́n ti fi àríyá sílẹ̀, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ó ti jí o."

"Ta ló jí?"

"Ẹ̀yìnlàárò."

"Bàbá Ìbejì, kí lo mu?"

Mo bá ẹja náà níbi tí mo fi í sí, eku pàápàá ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ mo gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọmọbìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ ni. Ó wo ajá pupa, ó wo èmi, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé. Ó kọ́kọ́ lọ rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì kó tó padà wá.

Ó ní oorun lajá ń sùn. Irun ikùn ajá ò pọ̀, bí ooru bá mú un, ó máa ń tú u síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ. Abẹ́ ẹsẹ̀ ló sì ti ń làágùn, ìyẹn náà ń wá afẹ́fẹ́. Gbígbọ̀n tí ẹsẹ̀ yẹn ń gbọ̀n, àlá ló ń lá. "Ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í tú ikùn sílẹ̀ báyẹn, Dádì. Ó fọkàn tán yín ni." Ó wo epo tó ń kán létí ajá. "Ó fọkàn tán yín tẹ́lẹ̀ ni kí n wí."

Ó ní epo yẹn ì bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, òun gan-an ni ì bá sì pa á. Ó tún gba paracetamol tó wà lọ́wọ́ mi, tí mo fẹ́ fún ajá torí ara rẹ̀ gbóná. Àṣé ooru ara ajá ju tiwa lọ, nǹkan bí ìwọ̀n 38 sí 39 ló máa ń wà, oògùn yẹn sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Mo wá bi í nípa èyí tí ajá máa ń ṣe láràárọ̀: àyà nílẹ̀, ìdí lókè. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń dá a lóhùn pé "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, wàá dàgbà," torí mo gbà pé ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ni. Ó ní ara ló ń nà. Àmọ́ bó bá pẹ́ lórí ìdúró yẹn tí kò sì jẹun, inú lè máa run ún, kí n tètè gbé e wá. "Ẹ má fi epo sí i o."

Bàbá ò bínú bí mo ṣe rò. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n sọ ọ́ fún, títí kan ọkùnrin ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, ohun tí a ò rí rí. Owó ilé ṣáá ò yí padà. Ní ti léèsì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ní báyìí, bí ọ̀sán bá ti mú, tí Ẹ̀yìnlàárò bá ti kọ ẹsẹ̀ sókè, àwọn ọmọ àdúgbò á tò sẹ́nu géètì: "Bàbá Ìbejì, ẹ kú ara fẹ́ra kù o!" N kì í dá wọn lóhùn. Ikùn ajá ni mo máa ń wò, bóyá ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.